Ọjọ́ Tí Mo Sun Orlando Owoh

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, kí n tó sọ ìtàn fún yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ẹ̀sùn sí ara mi lẹ́sẹ̀. Lọ́dún tí mo ń múra àtiwọ ilé-ìwé yìí, mo sun Orlando Owoh. Ẹ má tíì pe ọlọ́pàá o! Kì í ṣe òun fúnra rẹ̀. Òun ti kú láti ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 2008, nígbà tí èmi ò tíì mọ A yàtọ̀ sí B. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni mo sun, kásẹ́ẹ̀tì 11, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìdóàní. Bí ẹ ò bá tíì sun kásẹ́ẹ̀tì rí, kì í jó bí igi. Ńṣe ló máa ń ká jọ, á yọ́, á di dúdú, á wá máa rùn. Òórùn yẹn ṣì wà nímú mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìdí tí mo fi sun wọ́n àti ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ sọ. Ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ, nítorí ìtàn orin ni, ìtàn agbègbè wa sì ni pẹ̀lú.

Káfíńtà ni bàbá mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá títì, páànù lórí, òpó mẹ́rin nísàlẹ̀, kò sí ògiri. Ó ń kan àga, ó ń kan bẹ́ẹ̀dì, ó ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé, nígbà tó bá sì di dandan, ó ń kan pósí. Rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kan wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ tí ìyẹ̀ igi ti bò débi pé ẹ ò lè sọ àwọ̀ tó ní nígbà tí wọ́n rà á. Láàárọ̀, kó tó mú ayùn, kó tó mú ìfági, kásẹ́ẹ̀tì ló máa kọ́kọ́ kì bọ inú rédíò. Gìtá á bẹ̀rẹ̀ sí í ta wínrínwínrín, ohùn kan tó há, tó wúwo, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, á tẹ̀lé e, bàbá mi á sì máa fá pátákó rẹ̀ lọ. Èmi ni mo máa ń gbá èépo igi jọ fún ìyá mi láti fi dáná.

Mo kórìíra orin yẹn. Kí n má purọ́ fún yín. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tó bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á há ohùn wọn, wọ́n á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó ti mu ẹmu yó. Wọ́n ní orin àwọn ọ̀mùtí ni, wọ́n ní orin àwọn amugbó ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣebí níbi tí wọ́n ti ń ta ẹmu ni mo ti tún máa ń gbọ́ ọ. Ọmọ ọdún 14 ni mí, orin tí wọ́n ń gbọ́ l'Ékòó ni mo fẹ́ máa gbọ́, èyí tó ní ìlù tó ń mi àyà. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún bàbá mi pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n pa á, pé ó ń tì mí lójú. Wọn ò nà mí. Wọn ò tilẹ̀ bá mi wí. Wọ́n kàn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán tí mò ń ti ilé-ìwé bọ̀, wọ́n á ti na ọwọ́ sí rédíò, wọ́n á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní SS3, bàbá mi ṣàìsàn, wọ́n sì kú. Pósí tí wọ́n fi sin wọ́n, ọmọọṣẹ́ wọn ló kàn án, nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, rédíò dákẹ́ lórí bẹ́ǹṣì.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo wọ ẹgbẹ́ àdúrà, mo sì gbóná gan-an. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé gbogbo ohun tó wà nínú ilé ló yẹ kí n yẹ̀ wò. Mo sọ fún ìyá mi pé àwọn kásẹ́ẹ̀tì bàbá, orin ayé ni wọ́n, kò yẹ kó bá wa gbé. Ìyá mi ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ìwọ ni dáwódù. Tìẹ ni." Mo rò pé wọ́n gbà fún mi nìyẹn. Mo kó kásẹ́ẹ̀tì 11 sínú páálí, mo bu kẹrosíìnì sí i. Kò sí pásítọ̀ kan tó rán mi, kò sí wòlíì tó ríran sí mi. Èmi ni mo rán ara mi.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fò dé ọgbà yìí.

Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ́dún kìíní wa, ọmọ Ṣakí ni. Gíláàsì fóònù rẹ̀ ti fọ́ yángá, ṣùgbọ́n orin inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ilé-iṣẹ́ rédíò lọ. Orin country ló fẹ́ràn. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì: bóyá ni ilé kan wà ní ilẹ̀ wa tí wọn ò ti gbọ́ Jim Reeves rí ní àsìkò Kérésìmesì, ọkùnrin tó ti kú sínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú láti ọdún 1964 tí ohùn rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu àwọn ìyá wa. Don Williams náà ńkọ́? Àwọn awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù. Bàbá ọ̀rẹ́ mi yìí ló kó àrùn country ràn án.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan tí NEPA mú iná lọ (bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn ti yí padà tipẹ́, NEPA náà ni a ṣì ń pè wọ́n), ó fi nǹkan mìíràn sí i. Gìtá rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ kò dán, ó dà bí ẹni tó ń kọrin nínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Ó ní alt-country nìyẹn. Ó ṣàlàyé fún mi pé ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Belleville, ní ìpínlẹ̀ Illinois l'Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ kan kóra wọn jọ, wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Uncle Tupelo. Orin aláriwo ti ìgboro ni wọ́n fi dàgbà. Ṣùgbọ́n wọ́n padà sídìí orin àwọn bàbá àgbà, wọn ò sì dán an bí wọ́n ṣe ń dán an ní Nashville, níbi tí wọ́n ti ń fi fàólì-ìn púpọ̀ àti ohùn àdídùn bo egbò inú orin mọ́lẹ̀. Ní 1990 ni wọ́n gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde, *No Depression*. Orúkọ yẹn, inú orin kan tí ìdílé Carter kọ ní 1936 ni wọ́n ti mú un, nígbà tí ebi ń pa ará Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 1995, àwọn tó fẹ́ràn irú orin yìí dá ìwé ìròyìn sílẹ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ ò rí i pé àwọn náà bẹ̀rẹ̀ bíi tiwa yìí, àwọn tó fẹ́ràn nǹkan tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà ṣègbé.

Orin náà wọ̀ mí lára. Ọ̀rẹ́ mi wá bi mí léèrè nínú òkùnkùn pé, "Lọ́dọ̀ tiyín ńkọ́? Ṣé ẹ ò ní irú èyí?"

Mo ní, "Kò sí."

Mo sùn. Láàárín òru mo jí, mo sì gbọ́ ohùn tó há yẹn nínú orí mi, gìtá tó ń ta wínrínwínrín, àti ìró ìfági. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní hẹ̀n-ẹ́n, ó wà. Mo ti sun ún ni.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo lọ sílé. Àpótí iṣẹ́ bàbá mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, kò sẹ́ni tó tíì ṣí i láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú. Mo bá òòlù níbẹ̀, mo bá ìfági, mo bá ìṣó tó ti dípẹtà. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, nínú àkísà kan, mo bá kásẹ́ẹ̀tì kan. Kì í ṣe ojúlówó. Èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ fúnra wọn ni. Wọ́n ti fi pẹ́ńsùlù káfíńtà kọ ọ̀rọ̀ sí i lára: "Orlando. Ẹ má gbé e o."

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Fọ́nrán rẹ̀ ti tú. Mo fi bírò yí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi le. Mo ra bátìrì mẹ́rin. Mo gbọn ìyẹ̀ igi kúrò lára rédíò. Nígbà tó dún, orin náà kọ́kọ́ ń fà bí ẹni tí oorun ń kùn, ó wá sáré díẹ̀, ó wá tò. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì gbọ́ ohun tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré, fún ìgbà àkọ́kọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí ẹni tí ọkùnrin yìí jẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí.

Ọládípúpọ̀ Owómóyèlà ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. "Owoh" tí gbogbo ayé mọ̀, iwájú Owómóyèlà ni ó gé kù. Òṣogbo ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1932, ṣùgbọ́n ilé bàbá rẹ̀, Ìfọ̀n ni, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀. Ìfọ̀n! Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ agbègbè wa, Ìfọ̀n ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, inú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni Ìdóàní wà. Ọkùnrin tí mo sọ pé kò sí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ọmọ àdúgbò mi ni.

Èyí tó wá gún mi lọ́kàn jù ni pé káfíńtà ni. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe títí di ọdún 1958, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbà á pé kó máa lù ìlù kó sì máa kọrin fún wọn. Ẹ mọ Ògúnmọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn àgbà eré orí ìtàgé wa, òun ló ṣe *Lánkẹ́ Ọ̀mù* láti inú ìwé Amos Tutùọlá. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, olórin kì í ṣe olórin nìkan. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń sọ ìtàn, bí a ṣe ń fa òǹwòran mọ́ra, ìgbà tó yẹ kí a dákẹ́. Ó tún wà lára àwọn tí Fàtàì Rolling Dollar tọ́ sọ́nà, bí Ebenezer Obey náà ṣe wà lára wọn. Nígbà tó di 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Omimah Band. Lẹ́yìn náà ni orúkọ ẹgbẹ́ yí padà sí Young Kenneries, ó tún di African Kenneries International. Àwo tó ṣe kó tó kú lé ní 40.

Bàbá mi kò sọ fún mi rí pé káfíńtà ni Orlando. Àbí wọ́n ti sọ ọ́ tí mi ò gbọ́? Ó ṣeé ṣe. Nígbà yẹn, etí mi ò sí nílé.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ lè rí ibi tí gìtá yìí ti wá. Kì í ṣe ohun èlò wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Etí òkun ló gbà wọlé. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó, wọ́n ń ta gìtá láti èbúté dé èbúté, àwọn tó ń mu ẹmu ní etíkun sì kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn. Ní 1928, àwọn ará Gánà mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Kumasi Trio lọ gba orin irú rẹ̀ sílẹ̀ ní London. L'Ékòó, Túndé King ti ń ṣe àwo orin jùjú ní 1936. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè é ní orin ibi ẹmu, wọn ò purọ́. Ibi ẹmu ni wọ́n ti bí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń jókòó níbi ẹmu? Àgbẹ̀ ni, alágbẹ̀dẹ ni, káfíńtà ni. Àwọn tó ti fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ni.

Nígbà tó wá di láàárín 1950 sí 1960, E. T. Mensah láti Gánà ń wá ṣeré ní Nàìjíríà, highlife sì gba ìgboro kan. Bobby Benson àti Victor Ọláìyá ni ọ̀gá l'Ékòó. Highlife ti fèrè ni tiwọn, tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì àti sakisofóònù, ti ilé ijó tí wọ́n ti ń wọ kóòtù. Ẹ wá wo ohun tí ogun ṣe. Púpọ̀ nínú àwọn olórin highlife tó wà l'Ékòó, ọmọ ìlà-oòrùn ni wọ́n. Lẹ́yìn ìpakúpa ọdún 1966, wọ́n sá padà sílé, ogun abẹ́lé sì jà láti 1967 títí di 1970. Orí ìtàgé ṣófo. Jùjú ló wọlé dípò: Obey, Sunny Adé ọmọ Oǹdó wa. Lẹ́yìn wọn ni fújì dé. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun, á sáré tẹ̀lé ohun tó wà níta. Orlando kò sáré. Ó dúró sórí highlife onígìtá rẹ̀. Ó mú gángan láti inú jùjú, ó mú ìtàn láti orí ìtàgé, ó fi ohùn rẹ̀ tí kò dán rárá lé e lórí, bí àṣà sì ti ń yí padà, òun ò kúrò níbi tó wà. Ó lé ní 40 ọdún tó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ọmọ Ṣakí yẹn pé alt-country tiwa nìyí. Ó bá mi jiyàn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó ní Uncle Tupelo mọ̀ọ́mọ̀ padà sẹ́yìn ni, pé ìgboro ni wọ́n ti wá kí wọ́n tó lọ gbé orin bàbá àgbà. Ó ní Orlando kò padà síbì kankan, ibẹ̀ ló wà látilẹ̀. Mo rò ó, mo sì gbà fún un. Ẹni tó padà sẹ́yìn yẹn, kì í ṣe Orlando. Èmi ni.

Àwọn ará Amẹ́ríkà pàápàá gbọ́ nǹkan tó jọ tiwọn nínú rẹ̀. Ní 1995, ilé-iṣẹ́ Original Music tó wà lọ́hùn-ún kó orin rẹ̀ jọ sínú síídì kan, wọ́n sọ ọ́ ní *Dr. Ganja's Polytonality Blues*. Blues ni wọ́n pè é! Ẹ má wo "Ganja" yẹn kí ẹ máa rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé orin nípa igbó wà lára ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n, òun náà kò sì fi pamọ́. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ mu igbó o. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ pé "orin amugbó", a ti pa ilẹ̀kùn dé nìyẹn, a ò ní gbọ́ ìyókù. Mo ti pa ilẹ̀kùn yẹn dé rí. Nígbà tí mo wá jókòó gbọ́ ọ, àdúrà ni mo ń gbọ́, òwe ni mo ń gbọ́, ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń ba èèyàn jẹ́, ẹkún ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, àti orúkọ Ọlọ́run léraléra. Orin ayé ni mo pè é. Òótọ́ ni, ayé tí bàbá mi ń gbé nínú rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ, nítorí ẹ lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì pa á bíi tèmi. Má retí orin ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nínú àwo gbọọrọ ayé ìgbà náà, ojú kan lódindi lè jẹ́ orin kan tó ń wọnú òmíràn, ìṣẹ́jú 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ìdádúró. Bí o bá fi ìwàǹwára gbọ́ ọ, wàá sọ pé kò yí padà. Fi etí sí gìtá kan ṣoṣo. Wàá gbọ́ pé ọ̀kan ń sọ ohun kan náà lásọtúnsọ, bí ẹni ń fá pátákó, ṣùgbọ́n èkejì ń rìn yí i ká, ó ń béèrè ọ̀rọ̀, ó ń dáhùn. Gángan á dá sí i bí àgbàlagbà tó dákẹ́ tipẹ́. Ohùn náà kò ní dìde títí wàá fi gbàgbé pé ò ń retí rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *Ìyàwó Ọ̀lẹlẹ̀*. Lẹ́yìn náà kí o wá *Lọ́gbà Lọ́gbà*. Alẹ́ ni kí o gbọ́ wọn, nígbà tí iṣẹ́ ti tán.

Ohun mìíràn wà tí mo ń rò nípa agbègbè wa. Ibi tí Yorùbá àti Ẹdó ti fẹnu kora ni a wà. Ní Ìdóàní ńbẹ̀, àwọn kan ń sọ èdè Ìyàyú, èdè tó bá ti Ẹdó tan, Yorùbá tí àwa ìyókù ń sọ kò sì jọ ti inú ìwé. Bí o bá gba Ìfọ̀n kọjá síwájú, Bìní lò ń lọ, níbi tí Victor Uwaifo ti fi gìtá tirẹ̀ dárà nígbà ayé rẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀, nígbà ọdún Igogo tí wọ́n fi ń rántí Ọ̀rọnsẹ̀n ayaba, ọjọ́ 17 ni wọn kì í fi lu ìlù. Agogo irin nìkan ni wọ́n ń lù. Mo ti wà níbẹ̀ rí nígbà tí mo wà ní kékeré, mo sì bi bàbá mi pé báwo ni ọdún ṣe lè dùn láìsí ìlù. Wọ́n ní, "Fara balẹ̀ gbọ́." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan náà ni mo rò pé wọ́n ì bá sọ nípa Orlando ká ní mo bi wọ́n. Mi ò bi wọ́n. Mo ní kí wọ́n pa á ni.

Ní ilé-ìwé girama, wọ́n kọ́ wa ní Mungo Park. Wọ́n kọ́ wa ní ọdún tí wọ́n da Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù, 1914, a sì kọ ọ́ sínú ìdánwò. Kò burú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìfọ̀n gbé ìfági sílẹ̀, ó gbé gìtá, ohùn rẹ̀ sì dé Amẹ́ríkà. Inú ìwé kọ́ ni ìtàn yẹn wà. Inú páálí ló wà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú fọ́nrán tí ooru àti eruku ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ kan bá bu kẹrosíìnì sí i, ó tán nìyẹn. Lóòótọ́, èèyàn lè rí púpọ̀ nínú orin Orlando lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó wọn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì 11 tí mo sun kì í ṣe ti Orlando nìkan. Ìwé ọwọ́ bàbá mi wà lára wọn. Bóyá ohùn wọn náà wà níbì kan láàárín orin, níbi tí wọ́n ti tẹ bọ́tìnnì tí kò yẹ kí wọ́n tẹ̀. Ìyẹn, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì tó lè dá a padà.

Ọmọ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà kan ní ọgbà wa bá mi so okùn mọ́ rédíò, a sì gba kásẹ́ẹ̀tì tó kù yẹn sínú láptọ́ọ̀pù. Ìṣẹ́jú 40 ló yẹ kó jẹ́. Ìṣẹ́jú 26 la rí gbà. Fọ́nrán já lẹ́ẹ̀mejì, a sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Mo gbé e sórí fóònù mi, mo sì gbé e lọ sílé nígbà Ọdún Àjíǹde.

Ìyá mi ń ṣa ìrẹsì. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo gbé fóònù sórí àpótí, mo tẹ̀ ẹ́. Gìtá bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ìyá mi dúró nínú àwo ìrẹsì.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ má bínú. Ọjọ́ tí mo sun àwọn yòókù, ẹ ò dá mi dúró."

Wọ́n ní, "Bàbá ẹ ti sọ fún mi tipẹ́ pé tí o bá dàgbà, wàá fúnra ẹ wá a. Mo rò pé á pẹ́ jù báyìí lọ ni."

A jọ ń gbọ́ ọ lọ. Ó dé ibì kan tí àwọn gìtá dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni mí sínú, kí gángan tó gbà á. Ìyá mi fi ìka gbá àwo náà lẹ́ẹ̀kan, kó. Ó bọ́ sínú àlàfo yẹn gẹ́lẹ́.

Wọ́n ní, "Ibi tí bàbá ẹ máa ń fi òòlù sí nìyẹn. Lójoojúmọ́. Ìwọ ò gbọ́ ọ rí ni?"

Mo sọ fún wọn pé mi ò gbọ́ ọ rí. Mo dá orin padà sẹ́yìn, a sì tún un gbọ́.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo ti rojọ́ tán. Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Bí ẹ bá délé nígbà ìsinmi, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ wo orí àjà, ẹ bi àwọn òbí yín pé kí ni wọ́n ń gbọ́ nígbà tí wọ́n wà bíi tiyín, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n dáhùn. Ẹni tó bá rí kásẹ́ẹ̀tì, tí kò ní ohun tí yóò fi gbọ́ ọ, kó wá mi wá. Mo ní rédíò kan. Ìyẹ̀ igi ṣì wà lára rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dún.